Ta Ló Ń Bá Ìyá Ọmọ Gbé E?

Iye owó àgbàdo tí mo ṣèlérí pé n ó kà fún yín lónìí, ẹ jẹ́ kí a fi í di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó ti pẹ́ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, a sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tuntun tí ẹyinjú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹni fi epo kùn ún. A ní kí ìyá má fi oòrùn àárọ̀ nìkan tọ́jú rẹ̀, kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ohun tó ń pọ́n ojú yẹn, bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ yín pè wá, ẹ dúpẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni obìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù wa. Kò pariwo, kò bú wa. Ó ní: "Ẹ ti sọ ohun tí a ó ṣe kí ó má baà ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣeun. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí tèmi. Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́fà, kò tíì jókòó. Ẹ ò sọ nǹkan kan fún irú wa."

Mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Òótọ́ ló sọ. Àwa oníròyìn ìlera, ẹni tí nǹkan kò tíì bá ni à ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti bá, a máa ń kí i pé "ẹ pẹ̀lẹ́", a sì ń kọjá lọ. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé bí mo ti ń sọ "lọ́jọ́ náà gan-an, lọ́jọ́ náà gan-an" lórí afẹ́fẹ́, ìyá kan jókòó sí ilé rẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́ ló ń wọ̀ ọ́ lára bí abẹ́rẹ́. N kò rò ó rí.

Mo lọ sí ilé rẹ̀. Ó gbà pé kí n sọ ìtàn náà fún yín, bí n kò bá ti dárúkọ òun, tí n kò sì dárúkọ abúlé. Nítorí náà ìyá ọmọ ni n ó máa pè é.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni mo dé ibẹ̀, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ó ń bọ́ ọmọ. Ó gbé e lé itan, ó fi apá òsì gbá orí rẹ̀ mú kí ó má baà ṣubú sẹ́yìn, ó ń fi ṣíbí kékeré fún un ní ògì tó ki díẹ̀. Ṣíbí kan, kí ó dúró. Ọmọ á gbé e mì, ìdajì á dà padà sí àyà rẹ̀. Ìyá á nù ún. Ṣíbí mìíràn. Agogo mẹ́sàn-án ti kọjá kí abọ́ ògì kan tó tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò owó ọjà: wákàtí mẹ́ta ó lé lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́fà, lórí oúnjẹ nìkan. N kò tíì ka ìwẹ̀, n kò tíì ka aṣọ tí a ń fọ̀, n kò tíì ka òru.

Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó ti ta ẹ̀rọ náà. Àkàrà ló ń dín báyìí ní ẹnu ọ̀nà, nítorí pé àkàrà ni èèyàn lè dín kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọmọ tó jí.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa ohun tó ṣe ọmọ náà kí ó lè yé wa. Àwọn dókítà wa tó ń sọ Faransé ń pè é ní infirmité motrice cérébrale, àwọn nọ́ọ̀sì ń gé e kúrú sí IMC. Ọgbẹ́ ni, ó wà nínú ọpọlọ, ọmọ sì gbà á kí ọpọlọ rẹ̀ tó gbó: nínú oyún, tàbí lọ́jọ́ ìbí, tàbí láàárín ìgbà èwe rẹ̀. Bí ìrọbí bá pẹ́ jù tí ọmọ kò rí atẹ́gùn mí, ó lè fà á. Bí oṣù ọmọ kò bá pé kí a tó bí i, ó lè fà á. Ojú pípọ́n tó le, àìsàn tí í mú ọrùn gan tí wọ́n ń pè ní méningite, ibà ẹ̀fọn tó gun orí tó sì mú gíri wá, gbogbo wọn lè fà á. Nígbà mìíràn, kò sẹ́ni tó rí ohun tó fà á. Ọgbẹ́ yẹn kì í ràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í tàn ká inú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti bà jẹ́ kì í jẹ́ kí ọpọlọ lè pàṣẹ fún ara dáadáa, ni ẹsẹ̀ ṣe ń le gbagidi, ni ọrùn ṣe ń rọ̀, ni itọ́ ṣe ń dà. Kò sí oògùn tí a ó mu tí yóò dí ojú ọgbẹ́ náà. Ohun tó wà ni kí a kọ́ bí a ṣe ń jókòó ọmọ, bí a ṣe ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń bọ́ ọ, kí ara rẹ̀ má baà ká jọ, iṣẹ́ àwọn tí a ń pè ní kíné nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ níwájú wọn, bí wọn kò tilẹ̀ lè fèsì. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó tó lórí ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá.

Mo bi í pé kí ló wúwo jù. Mo rò pé yóò sọ pé owó ni, tàbí oorun. Ó ní: "Ọjọ́ kẹta." Ọjọ́ kẹta tí ó bí ọmọ ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Wọ́n ti ní kí wọ́n máa lọ sílé láti ilé ìgbẹ̀bí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un níbẹ̀ pé kí ó máa wo ojú ọmọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n máa gbé e síta ní àárọ̀, pé bí wọ́n ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Wọ́n gbé e síta. Ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n kó ọmọ jáde, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n fi oyin sí i lẹ́nu, èèyàn jẹ, èèyàn mu. Ọmọ kò mú ọmú mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní alẹ́, ó ká sẹ́yìn bí ọrun ọdẹ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí wọ́n tó rí ọ̀kadà tó gbé wọn.

"Ká ní mo ti gbé e lọ lọ́jọ́ kẹta." Ọdún mẹ́fà ló ti ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ó bá ń lọ ẹ̀wà, ó ń sọ ọ́ bí ó bá ń fọ aṣọ.

N kò lè sọ fún un pé kò sí nǹkan tí ìbá yàtọ̀. Irọ́ ni n ó pa, òun náà á sì mọ̀. Ohun tí mo sọ ni pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, a kò lè bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà. Ó fetí sí àgbà, bí a ti kọ́ gbogbo wa láti ṣe. Ìfẹ́ ló fi gbé ọmọ náà sínú oòrùn, kì í ṣe àìbìkítà. Ó dákẹ́, ó ní: "Ẹnì kankan kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

Ẹ wá wò ó, ìyá ọkọ náà wà nínú ilé, ó jókòó lẹ́bàá ìkòkò. Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà, kò dárúkọ oòrùn mọ́. Ṣùgbọ́n agogo mẹ́rin òwúrọ̀, nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ dín àkàrà, òun ló ń dìde, òun ló ń pọn ọmọ. Eegun rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó ń pọ̀n ọ́n. Ẹ̀bi ìyá, ẹ̀bi ìyá àgbà, inú ilé kan náà ni wọ́n wà, wọn kò bá ara wọn sọ ọ́ rí.

Ti ará àdúgbò ń kọ́? Wọ́n ní ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún, tí kò fi òkúta sí ìdí aṣọ. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, èèyàn mélòó ni ìbá lè rìn nínú ọjà Kétu lónìí? Àwọn mìíràn ní ẹ̀mí ló wọlé sọ́mọ lára. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀, sọ́dọ̀ áfáà. Ní ibì kan, wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọmọ sún mọ́ iná nígbà tí gíri bá mú un. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní ibòmíràn, wọ́n fún un ní àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù ṣe. N kò bú ìyá kankan tó gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rì sómi, kò ní béèrè bóyá okùn náà lágbára. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń sọ pé "ó ku ìgbà kan ṣoṣo, yóò rìn", ẹni yẹn ni mo ń bá wí. Ilé yìí ná owó ẹ̀rọ ìránṣọ, ewúrẹ́ mẹ́rin àti ẹ̀gbà ọwọ́ ìgbéyàwó sí ọ̀rọ̀ yẹn. Gbogbo ìgbà tí ìlérí bá sì já, ìyá á tún ọ̀fọ̀ ṣe lákọ̀tun.

Mo lo ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀, n kò ṣì í lò. Ọmọ náà wà láàyè, ó ń rẹ́rìn-ín, mo rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá àti bàbá rò pé àwọn bí, èyí tí yóò sáré lọ pọn omi, tí yóò lọ sílé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, kò dé. Kò sẹ́ni tó wá kí wọn fún ìyẹn. Bí ọmọ ará ilé kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, inú ìyá yìí á dùn, inú rẹ̀ á tún bàjẹ́ nínú ìṣẹ́jú kan náà, ojú á wá tì í pé òun ń jowú ọmọ aláìmọ̀kan. Ìyá tó ń gbọ́ mi, tí èyí ń ṣe ọ́, kì í ṣe pé ìwà rẹ burú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Àwọn àgbà sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. O lè sunkún ọmọ tí kò dé, kí o sì nífẹ̀ẹ́ èyí tó dé.

Ó kù díẹ̀ kí n máa lọ ni bàbá ọmọ dé. Ó ń gun zémíjàn. Wọ́n ti sọ fún mi lábúlé pé kò sí bàbá níbẹ̀, pé nídìí sódábì ló ń sùn. Kò kọ́kọ́ fẹ́ jókòó. Mo bi í ní ìbéèrè kan, ó wo ilẹ̀, ó ní: "Bí mo bá wọlé tí mo gbọ́ bó ṣe ń kérora, àyà mi á já. N kò mọ ibi tí n ó fi ọwọ́ mi sí. Ìyá rẹ̀ mọ bó ṣe ń gbé e, èmi á máa bẹ̀rù pé n ó ṣẹ́ ẹ. Ni mo ṣe máa ń tún jáde lọ gbé èrò." Mo bi í bóyá ó sọ èyí fún ìyàwó rẹ̀ rí. Ó ní ọkùnrin kì í sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀, ìyàwó sì wà níbẹ̀: pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn mọ̀lẹ́bí ti wá bá òun pé kí òun fẹ́ ẹlòmíràn, kí òun rí ọmọ tó pé bí, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun lé wọn. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Láti ọdún mẹ́fà, ó rò pé ó kàn ń wá ọjọ́ tí yóò lọ ni.

Ẹ̀yin bàbá, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà wà nínú ẹgbẹ́ olùgbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn lẹ ń jókòó sí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sá ló jẹ́ òǹrorò. Àwọn kan ń sá nítorí pé wọn kò mọ nǹkan tí wọ́n lè ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kékeré. Kíné tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lè kọ́ yín ní bí a ṣe ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ le, kò ju kí ẹ wo ó lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì ṣe é níwájú rẹ̀. Ẹ pín òru. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í sùn dáadáa, nítorí ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n tàbí gíri tó ń mú wọn. Ilé tí mo ń sọ yìí ti pín in báyìí: láti ìgbà tí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán títí di agogo kan òru, bàbá ló ni ọmọ, ìyá gbọ́dọ̀ sùn ní yàrá kejì. Ìyá àgbà gbà á ní agogo mẹ́rin. Ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òun kò lè sùn, òun ń tẹ́tí. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó sùn. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó sọ pé òun lọ sí Mẹ́kà. Tí ọmọ bá sì ń lo oògùn gíri bíi Gardénal, ẹ má jẹ́ kí ó tán kí ẹ tó lọ ra òmíràn, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín. Gíri tí í padà wá lẹ́yìn ìdádúró òjijì máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọdé lọ ṣeré díẹ̀. Ìyá náà sọ fún mi pé òru kan wà, ní ọdún kejì, tí òun jókòó ti ọmọ tí òun ń rò ó pé kí Ọlọ́run kúkú mú àwa méjèèjì. Ó ní òun rò ó, òun sì ro bí òun yóò ṣe ṣe é. Aládùúgbò kan kàn wá yá iyọ̀ ní àárọ̀ kùtù, ọ̀rọ̀ já sí ibòmíràn. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ tí mo dé. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní àjẹ́ ni òun.

Kì í ṣe àjẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi tí ọkàn fi ṣàìsàn, bí ẹ̀yìn ṣe ń ṣàìsàn bí ẹrù bá pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a mọ ààlà rẹ̀. Gbogbo òbí ló ń ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìbànújẹ́ náà kò kúrò, tí oúnjẹ kò wọlé, tí oorun kò wá kódà nígbà tí ọmọ bá sùn, tí ohun tó ti ń dùn mọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí ó ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò, àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ni, ó ní ìtọ́jú. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, ẹ sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, ẹ má sọ pé orí ló ń fọ́ yín. Bí ìrònú bá dé pé kí n pa ara mi, tàbí kí n ṣe ọmọ ní nǹkan, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ jí ẹnì kan lóru yẹn. Ẹ gbé ọmọ fún un, kí òun náà má sì fi yín sílẹ̀ títí tí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí a bá jí, kí ó má wàásù. Kí ó kàn jókòó.

Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wa kan wà, Grégoire Ahongbonon, tó ń lẹ̀ táyà tẹ́lẹ̀ ní Bouaké ní Côte d'Ivoire. Ó rí owó, ó ra takisí, gbogbo rẹ̀ tún wó, ìrẹ̀wẹ̀sì mú un débi pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ ní gbangba. Òun náà ló wá dá Saint Camille sílẹ̀, àwọn tó ń tú àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú kúrò nínú ṣẹkẹṣẹkẹ. Ibùdó wọn kan wà ní Avrankou, lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn tó rò pé ẹni tí irú ìrònú bẹ́ẹ̀ bá wá sí lọ́kàn ti bàjẹ́ tán.

Báyìí, ẹ̀yin aládùúgbò. Mo bi ìyá ọmọ pé kí ni kí n sọ fún yín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é, wọ́n á sì máa lọ. Mo fẹ́ kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ dúró gba ọmọ dání kí n lọ wẹ̀."

Àwọn alákàrà àti ẹlẹ́kọ tó ń dá èésú pẹ̀lú rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn wá sílé lọ́jọ́ kan, kò mú owó wá, ó bi í pé, "Báwo ni ẹ ṣe ń bọ́ ọ?" Ìyá ní ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà nìyẹn tí ẹnì kan tí kì í ṣe ará ilé bi òun ní ìbéèrè yẹn. Ó kọ́ ọ: kí ọmọ jókòó dáadáa, kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí a má dá a dùbúlẹ̀, kí oúnjẹ ki, kí a má fi ìkánjú ṣe é. Ẹ̀yin ìyá, kí a má ṣe fi ọwọ́ rọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ògì tí a bá rọ sí i lọ́nà ọ̀fun lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, a sì lè pàdánù rẹ̀. Obìnrin yẹn kọ́ ọ, ó kọ́ ẹnì kejì. Ní ọjọ́ ọjà báyìí, wọ́n ń tẹ́ ẹní sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń ká aṣọ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ méjèèjì kí ó lè jókòó, àwọn méjì ń tọ́jú rẹ̀ ní àtòlé-àtòlé. Ìyá ń ta ọjà tirẹ̀ títí ọ̀sán. Àwọn oníbàárà kan kọ́kọ́ yí ojú kúrò. Àwọn mìíràn ní wọn kò ní ra àkàrà níbẹ̀ mọ́. Ìyá ẹlẹ́kọ dáhùn pé ẹni tí kò bá fẹ́ wo ọmọ, kí ó má wo àkàrà. Ó tó oṣù kan kí ojú tó mọ́ra. Ọmọ náà fẹ́ràn ariwo ọjà, ẹ̀rín rẹ̀ kì í tán níbẹ̀.

Irú rẹ̀ ti wà níbòmíràn. Ní Gánà, wọ́n kó àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ní ìgbèríko, wọ́n ń pàdé lóṣooṣù, wọ́n ń kọ́ nípa oúnjẹ, ìjókòó àti eré ọmọ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lò, Gúúsù Áfíríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní Bangladesh. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà bi àwọn òbí léèrè, ayé àwọn òbí gan-an ti sàn ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ọgbẹ́ ọpọlọ ọmọ kò kúrò. Ìdáwà ló dín kù.

Òfin náà wà lẹ́yìn wa. Òfin ọmọdé ti Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà 2015-08, kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ ní àjẹ́ kí ó sì fìyà jẹ ẹ́ tàbí kí ó pa á. Òfin nọ́ńbà 2017-06 dá ààbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ní àléébù ara, ilé ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn baba wa kò dúró de òfin. Wọ́n ń pe irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní ẹni òrìṣà, ti Ọbàtálá, a kò gbọ́dọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé ẹlẹ́sìn mìíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí. Ìbọ̀wọ̀ yẹn kò sí nínú ohun tí ẹ̀sìn kankan ní kí a jù nù.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, n kò lè sọ ọ́ kí n má bá ara mi wí. Ọdún tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, wọ́n rán mi sí kíláàsì kan láti wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Bàbá kan pọn ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ó ní ọmọ náà gbọ́n, pé ẹsẹ̀ nìkan ni kò gbé e. Wọ́n ní kí ó máa lọ, pé kò sí àyè fún irú rẹ̀. Mo dúró síwájú pátákó, mo ń kọ déètì. N kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn bàbá yẹn, pẹ̀lú ọmọ lórí rẹ̀, ni mo ṣì ń rí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yòókù nínú ilé tún wà, n kò ní àkókò tó fún un lónìí. Ẹ kàn wo ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ń tọ́jú àbúrò títí tí ilé ẹ̀kọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ó padà sí i.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó tún pàdé, ẹ wò yíká agbolé yín. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wà, kí ẹni méjì lọ síbẹ̀ ní àkókò oúnjẹ ọmọ, kí wọ́n béèrè bí a ṣe ń bọ́ ọ, kí wọ́n sì ṣe é títí abọ́ yóò fi tán. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ bó ṣe lọ. Ìyá ọmọ ní òun yóò wà nídìí rédíò, ó sì ní bí ẹ bá ní ìbéèrè, òun yóò dáhùn fúnra rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí àkàrà bá ti tà tán.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iye owó àgbàdo àti bí a ṣe ń pa á mọ́ lọ́wọ́ kòkòrò.